Ọjọ́ Tí Wọ́n Rán Ikùn Ìbíyẹmí

Àwọn ará Èkó gbà pé ẹni tí kò bá wọ ọkọ̀ òfuurufú kò tíì rin ìrìn àjò. Bí o bá sọ fún wọn pé o ti gbé ìdálẹ̀, wọn á bi ọ́ pé Lọ́ńdọ̀nù ni àbí Amẹ́ríkà. Èmi kò wọ ọkọ̀ òfuurufú rí. Kétu ni wọ́n bí mi sí, ní ìhà ibi tí àwọn Faransé ti jọba, Agége ni mo ti ṣe àtìpó, ẹsẹ̀ mi méjèèjì ni mo sì fi kọjá ààlà láàárọ̀ ọjọ́ kan. Síbẹ̀, kò sí ìwọ̀sí tí òyìnbó ń fi lọ ará Èkó ní Lọ́ńdọ̀nù tí ará Èkó kò fi lọ̀ mí ní Agége, bẹ́ẹ̀ a jọ ń sọ Yorùbá ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ààlà yẹn. Òyìnbó méjì ló fà á, ọ̀kan ń sọ Faransé, ọ̀kan ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì sí èyí tó bi ìyá ìyá mi léèrè kí wọ́n tó là á gba àárín oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀. Ìdajì oko bọ́ sí Dàhòmì, ìdajì bọ́ sí Nàìjíríà. Ìyá àgbà ń fa ẹ̀gẹ́ tu níhìn-ín, ó ń fa ẹ̀gẹ́ tu lọ́hùn-ún, kò pe èyíkéyìí nínú wọn ní àjòjì. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wo àwọn tó wá ń ṣọ́ ààlà náà lójú méjèèjì: ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n bí sí Ọgbà ní Èkó, tí kò rí ẹ̀gẹ́ rí àfi inú abọ́ gàrí.

Nígbà tí mo dé, ìjọba ológun ṣẹ̀ṣẹ̀ lé àwọn àjòjì lọ tán ni, wọ́n sì tún ń wá èyí tó ṣẹ́ kù. Àwọn tó ti dé ṣáájú mi kọ́ mi pé, bí wọ́n bá bi mí, kí n ní Ìmẹ̀kọ ni mo ti wá. Ìmẹ̀kọ wà ní ìhà ti Nàìjíríà, kò jìnnà sí wa, ahọ́n wa sì jọra. Nítorí náà, nígbà tí ọ̀gá tó ń gba òṣìṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ bisikíìtì kan ní Ìkẹjà wò mí láti òkè dé ilẹ̀, tó ní níbo ni mo ti wá, mo ní, "Ìmẹ̀kọ, sà." Irọ́ tí mo kọ́kọ́ pa ní ìdálẹ̀ nìyẹn. Ọdún mẹ́rin ni mo fi sìn ín bí ẹni ń sin ewúrẹ́.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa ka bisikíìtì sínú ọ̀rá. Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ́ mi ní ìṣirò nílé ìwé, ẹnu mi kò sì mọ ọ̀nà míì gbà kà. Bí ẹ̀rọ bá ti ń sáré, tí ọwọ́ mi ń sáré tẹ̀ lé e, ètè mi náà á máa lọ wúyẹ́wúyẹ́: "Ẹ́ẹ̀n, dọ́ọ̀, tuwá, kátì." Obìnrin tó jókòó tì mí ń jẹ́ Sísílíà, ọmọ Ìjẹ̀bú ni, etí rẹ̀ sì mú ju ti ehoro lọ. Lọ́jọ́ kan, ó yíjú sí mi.

"Ará Ìmẹ̀kọ, kí lò ń kà yẹn?"

"Àdúrà ni."

"Àdúrà? Ọlọ́run wo ló ń jẹ́ Kátì?"

Láti ọjọ́ náà ni gbogbo ilé iṣẹ́ ti ń pè mí ní Kútọnu. N kò dé Kútọnu rí láyé mi. Ṣùgbọ́n lójú ará Èkó, gbogbo ilẹ̀ tó bá ti kọjá Badágírì, Kútọnu ni.

Àwọn tá a jọ ń gbé inú ilé ní Agége kò yàtọ̀. Yàrá méjìlá ló dojú kọra nínú ilé náà, ilé ìwẹ̀ kan, ilé ìgbẹ́ kan. Bí mo bá lanu kí wọn láàárọ̀, wọ́n á tún ọ̀rọ̀ mi sọ bí mo ṣe sọ ọ́, wọ́n á sì bú sẹ́rìn-ín. Mo pe búrẹ́dì ní "pẹ́ẹ̀n" lẹ́ẹ̀kan péré, oṣù mẹ́ta gbáko ni àwọn ọmọdé fi pè mí bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kò sí ọmọ Èkó kan láàárín wọn. Ẹni yìí, Ọ̀yọ́ ló ti wá. Ẹni yẹn, Ògbómọ̀ṣọ́. Èyí tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì fọ́n imú jù lọ, Ìjẹ̀bú Igbó. Bí Iléyá bá dé, tàbí Kérésì, gbogbo wọn á di ẹrù, wọ́n ní àwọn ń lọ ilé. Kí wá ni wọ́n ń pe Agége? Mo ronú lé e títí, mo sì rí i pé ẹni tó bá ti dé ìdálẹ̀ ní ọdún méjì ṣáájú rẹ á fẹ́ kí o máa pe òun ní onílé.

Ní Kétu nígbà náà, tẹlifóònù kan ṣoṣo ni mo mọ̀, ó wà ní ilé ìfìwéránṣẹ́. N ó tò sórí ìlà ní ilé tẹlifóònù ìjọba ní Ìkẹjà, n ó bẹ̀ wọ́n lọ́hùn-ún pé kí wọ́n bá mi pe ìyá mi, n ó jókòó dúró, n ó tún pè. Wọ́n ní ohùn mi á kọ́kọ́ lọ sí Pàríìsì kó tó padà sí Kétu. Ibi tí ènìyàn ń wọ mọ́tò dé kó tó di ọ̀sán! Ìyá mi kì í béèrè àlàáfíà bí àwọn ìyá yòókù.

"Ṣé àwọn èèyàn yẹn ti tú ọ sílẹ̀?" lohun tó máa ń wí.

"Ta ló dè mí, Ìyá mi?"

"Ẹni tí kò dè ọ́ yẹn náà ni mò ń bi ọ́."

N ó sọ fún un pé yàrá mi tóbi, iṣẹ́ mi dára, àwọn ènìyàn fẹ́ràn mi. Irọ́ tó bá ti gba Pàríìsì kọjá, ó máa ń dún bí òótọ́ létí ara mi.

Ràṣídì, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ló fẹ́ mi. Jórinjórin ni. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe abọ́ ló ti ń ṣiṣẹ́ kí Sáàpù tó dé, ìyẹn ètò ọrọ̀ ajé tí àwọn ológun gbé wá, tí wọ́n ní ká fún ìgbànú mọ́ra, tí ìgbànú tiwọn sì ń gùn sí i. Wọ́n ti ilé iṣẹ́ náà pa, Ràṣídì gbé irinṣẹ́ rẹ̀ lọ sí ẹ̀bá títì ní Dópẹ́mú. Òun nìkan ni mo sọ òótọ́ ìlú mi fún. Ó rẹ́rìn-ín. "Kétu, Ìmẹ̀kọ, ṣebí ọ̀nà kan náà ni." Lẹ́yìn náà ló lọ sọ fún ìyá rẹ̀. Bí ọkùnrin bá ń ṣèlérí pé òun ò ní sọ fẹ́nì kan, kò ka ìyá rẹ̀ mọ́ ènìyàn.

Oyún mi pé oṣù mẹ́jọ nígbà tí wọ́n mú Ràṣídì lọ sí Kàdúná, kó lọ jó táǹkì epo pọ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì tó lọ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí rọbí níwájú ẹ̀rọ bisikíìtì. Wọ́n gbé mi lọ sí ilé ìgbẹ̀bí kan ní Agége. Ọmọ jáde, kò ké. Nọ́ọ̀sì gbá a nídìí, kò ké. Ó fi rọ́bà kan bo imú àti ẹnu rẹ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́, títí ọmọ fi sín, tó sì figbe ta. Obìnrin ni. Ó kéré débi pé ojú tì mí láti wò ó, bí ẹni tó jẹ gbèsè tó san àbọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá Ràṣídì ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé láti wẹ ọmọ. Lọ́jọ́ kẹta, ikùn ọmọ wú.

Kì í ṣe wíwú tí wọ́n fi ń ṣàwàdà pé ọmọ yó. Láàárín àárọ̀ sí ìyálẹ̀ta, ó wú bí bọ́ọ̀lù, awọ ara rẹ̀ ń dán, iṣan fà kalẹ̀ lórí rẹ̀ bí okùn. Omi ọmú tó mu padà jáde, ó dúdú. Èémí rẹ̀ ń já gán-ń-gán, egungun ìhà rẹ̀ ń wọlé ń jáde. Mo gbé e tọ ẹni tó ni ilé ìgbẹ̀bí náà lọ. Dókítà ni ó ń jẹ́ kí wọ́n máa pe òun. Ohun tí wọ́n fi ń gbọ́ ìlù ọkàn kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, kódà bó bá ń jẹun. Ó fi ìka kan tẹ ikùn ọmọ.

"Afẹ́fẹ́ ni," ó wí. "Gbogbo ọmọ ló máa ń ní i." Ó fún mi ní ìgò omi dídùn kan, ó ní kí n máa fún un mu.

Òótọ́ ló sọ láìmọ̀. Afẹ́fẹ́ ni lóòótọ́. Ohun tí kò mọ̀ ni ibi tí afẹ́fẹ́ gbà dé ibẹ̀, kò sì bi ara rẹ̀ léèrè. Irú wọn kì í béèrè.

Ìyá Ràṣídì ti po àgbo sílẹ̀ nígbà tí mo padà délé. "Ìyàwó, jẹ́ kí n tọ́ ọ sí i lẹ́nu. Inú rẹ̀ ló dí."

"Ìyá, ọmú gan-an ń padà jáde."

"Ọmú kì í ṣe oògùn."

A wà lórí rẹ̀ nígbà tí Sísílíà wọlé. Ó yà wá kí mi ni, ó gbé ọṣẹ àti ìtẹ́dìí ọmọ lọ́wọ́. Ó wo ọmọ, ó wo àgbo, ó gbé ọṣẹ rẹ̀ sílẹ̀.

"Kútọnu, dìde. Gbé ọmọ rẹ."

Ní ilé ìwòsàn ìjọba, a bá àwọn aláìsàn lórí ilẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà wọlé. Sísílíà kò bẹ ẹnikẹ́ni. Ó ń kígbe ni. Igbe rẹ̀ ló mú dókítà kan jáde, ọkùnrin tín-ínrín kan tí bàtà rẹ̀ ti lanu níwájú. Dókítà Ṣẹ́gun ni gbogbo wọn ń pè é. Kò ní ká jókòó. Ó ká aṣọ kúrò lára ọmọ, ó gbọ́ àyà rẹ̀, ó sì gbé e lọ ya fọ́tò inú ara fúnra rẹ̀. Nígbà tí fọ́tò náà jáde, iná kò sí láti fi wò ó, ó bá gbé e sójú fèrèsé kí oòrùn là á kọjá.

"Ìyá ọmọ, ẹ wá wò ó. Dúdú tó gba gbogbo òkè yìí, afẹ́fẹ́ ni. Kò yẹ kó wà níbẹ̀. Àpòlúkù rẹ̀, àpò tí oúnjẹ ń bọ́ sí, ti lu. Bó ṣe ń mí ni afẹ́fẹ́ ń gba ibẹ̀ jáde sínú ikùn, ó sì ń tì í láyà, kò jẹ́ kó lè mí."

Ó mú abẹ́rẹ́ kan, ó fi oògùn nu ikùn ọmọ, ó gún un. Mo gbọ́ ọ. Mo búra, mo gbọ́ ọ: fííí, bí ìgbà tí táyà ń jò. Ikùn náà rọlẹ̀ díẹ̀, ètè ọmọ mi tó ti ń dúdú bẹ̀rẹ̀ sí pọ́n. Ó ti rọ́bà tín-ínrín kan gba imú rẹ̀ wọlé, ó so omi mọ́ iṣan orí rẹ̀.

"Èyí tí mo ṣe yìí, mo fi yá àkókò ni," ó wí. "A ní láti là á ká rán ihò náà. Lónìí. Nísinsìnyí."

Ibi tí akọ̀wé tó ń gba ìwé wọlé ti bọ́ síwájú wa nìyẹn.

"Bàbá ọmọ dà?"

"Ó wà ní Kàdúná."

"Ta ni yóò fọwọ́ sí i pé kí wọ́n la ọmọ?"

"Èmi."

"Ìlú yín?"

"Ìmẹ̀kọ."

"Irọ́ ni!" Ìyá Ràṣídì ni. Ó ti tẹ̀ lé wa dé, ìborùn rẹ̀ ti wọ́ sílẹ̀. "Kì í ṣe ará Ìmẹ̀kọ. Ará Kútọnu ni. Ọmọ wa ni ọmọ yìí, kò sì sí ẹni tí yóò fi ọ̀bẹ kàn án. Ọmọ ọjọ́ mẹ́ta! Bí ó bá fẹ́ lọ, ẹ jẹ́ kó lọ ní odidi."

Akọ̀wé gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó rí ejò. "Àjòjì kò lè fọwọ́ sí ìwé ìjọba níbí o, màdáámù. Ẹ máa bọ̀ kẹ́ ẹ wá ṣàlàyé ara yín fún àwọn ẹ̀ṣọ́ ná."

Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń bẹ̀rù ọ̀rọ̀ yẹn. Mo ti máa ń rò ó pé ọjọ́ tí mo bá gbọ́ ọ, n ó wólẹ̀, n ó bẹ̀bẹ̀, n ó sunkún. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé, ẹ̀rín ẹlẹ́yà ló gbé mi. Orílẹ̀-èdè tí kò ní iná tí yóò fi wo ikùn ọmọdé ló ń ṣọ́ra kí àjòjì má fi bírò rẹ̀ kọ̀wé.

"Kétu ni mo ti wá," mo wí, mo sì sọ ọ́ pẹ̀lú ahọ́n tí wọ́n fi bí mi, kí gbogbo wọn lè gbọ́ ọ dáadáa. "Kì í ṣe Kútọnu, kì í ṣe Ìmẹ̀kọ. Èmi ni mo bí i. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ lé mi, ẹ lé mi lọ́la. Lónìí, ẹ fún mi ní bírò."

Dókítà Ṣẹ́gun yọjú, omi ń kán lọ́wọ́ rẹ̀. "Kí ló ń dá wa dúró?"

Akọ̀wé ṣàlàyé.

"Ìyá ọmọ ni mo ní kẹ́ ẹ bá mi wá, n kò ní kẹ́ ẹ bá mi wá ìlú rẹ̀. Ẹ fún un ní bírò." Ó wá yíjú sí ìyá Ràṣídì, ó tẹrí ba. "Ìyá, ẹ má bínú. Bí a bá fi í sílẹ̀ ní odidi, odidi yẹn náà la máa sin. Bí a bá là á, ó lè yè, ó sì lè má yè. N kò ní parọ́ fún yín."

Mo fi ọwọ́ ìkọ̀wé tí olùkọ́ Faransé fi pàṣán kọ́ mi kọ orúkọ mi, lẹ́tà rẹ̀ ń wé bí ìrù ọ̀gà. Ìyá Ràṣídì kó ìborùn rẹ̀, ó lọ, kò wẹ̀yìn.

Sísílíà sáré lọ ra àwọn ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé, nítorí ilé ìwòsàn náà kò ní òwú, kò ní ìbọ̀wọ́, kò ní omi iyọ̀. Ṣùgbọ́n ó ní akọ̀wé. Lẹ́yìn náà, àwa méjèèjì jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọ̀sán gangan ni. Rédíò àwọn ẹ̀ṣọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ológun kan ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ pé nǹkan ti ń dára. Kò tíì pa ẹnu dé tí iná fi tún lọ. Jẹnẹrétọ̀ wúkọ́ lẹ́yìn ilé, ó dákẹ́, ó tún wúkọ́, ó sì dìde.

"O parọ́ fún mi fún ọdún mẹ́rin," Sísílíà wí lójijì.

"Mo parọ́."

"Mo kúkú mọ̀ láti ọjọ́ Kátì. Ṣé mo sọ fún ẹnì kan?"

"O ń pè mí ní Kútọnu lójú gbogbo ayé!"

"Àpárá nìyẹn. Ìyẹn yàtọ̀."

Mo fẹ́ bínú, ẹkún ló jáde. Ó fa orí mi mọ́ èjìká rẹ̀, òórùn ṣúgà ilé iṣẹ́ wa sì wà lára aṣọ rẹ̀.

Nígbà tí Dókítà Ṣẹ́gun jáde, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tì wá, ó na ẹsẹ̀. "Ó ṣì ń mí," ló kọ́kọ́ sọ. Ó wá fi orí ìka rẹ̀ hàn mí. "Ihò náà tó báyìí. A gé etí rẹ̀ tó ti kú kúrò, a rán an ní ìlọ́po méjì, a fi omi iyọ̀ fọ gbogbo inú rẹ̀. Ẹ kò gbọdọ̀ fún un ní nǹkan kan lẹ́nu fún ọjọ́ mélòó kan."

"Kí ni mo ṣe sí i?" mo bi í. "Ṣé nítorí pé mo ń ṣiṣẹ́ ni? Ṣé ohun tí mo jẹ ni?"

"Ẹ kò ṣe nǹkan kan. Kò pé oṣù, kò tètè mí nígbà tẹ́ ẹ bí i, ara àpò náà kò tíì le. Nígbà mìíràn, ibẹ̀ ló ń gbà ya. Kò sẹ́ni tó ṣe é."

Nínú gbogbo ohun tí ẹnikẹ́ni ti sọ fún mi ní Èkó, gbólóhùn yẹn nìkan ni kò ní ẹ̀gún lẹ́yìn.

Àwọn ọjọ́ tó tẹ̀ lé e gùn. Mo ń fún omi ọmú mi dànù sínú ọpọ́n ìfọwọ́, kó má baà gbẹ, bẹ́ẹ̀ ọmọ wà níwájú mi, ebi ń pa á, rọ́bà wà nímú rẹ̀, òwú bo ikùn rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọmọ tó wà ní ibùsùn kejì kú lọ́jọ́ karùn-ún. Ìyá rẹ̀ ká ìtẹ́dìí rẹ̀ fínnífínní, ó fún mi, ó ní, "Tìrẹ á lò ó." Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.

Nígbà tó ku ọ̀la kí ọmọ pé ọjọ́ mẹ́jọ, ìyá Ràṣídì ránṣẹ́ pé ká má tíì sọ ọ́ lórúkọ, ká wò ó bóyá yóò dúró. Bí a bá sì máa sọ ọ́, ká pè é ní Málọmọ́. Mo kọ̀. Ọmọ tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún níkùn tí kò lọ, kí ni mo tún fẹ́ bẹ̀ ẹ́ sí? Lọ́jọ́ kẹjọ, Sísílíà gbé oyin wá, a kò sì lè tọ́ ọ sí ọmọ lẹ́nu, àwa la lá a. Obìnrin tó ń gbálẹ̀ wọ́ọ̀dù ṣe àmín. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn létí, mo ní, "Ìbíyẹmí." Àwọn méjèèjì gbọ́ ọ bí gbogbo ènìyàn ṣe ń gbọ́ ọ, pé ọmọ bíbí yẹ mí. Ohun tí mo ń wí nínú ọkàn mi ni pé ibí, ibí yìí gan-an, yóò yẹ mí, kí ẹni tí inú ń bí máa bínú.

Lọ́jọ́ kọkànlá, Dókítà Ṣẹ́gun yọ rọ́bà imú. Ó ní kí n fún un ní omi ọmú, ṣíbí kékeré kan. Ìbíyẹmí gbé e mì, ó la ojú, ó ń wá òmíràn. Gbogbo wa ń wo ikùn rẹ̀ bí ẹni ń wo ìkòkò tó wà lórí iná. Kò wú. Kò bì í. Lọ́jọ́ kejì, ó yàgbẹ́, mo sì pariwo tó fi jẹ́ pé nọ́ọ̀sì sáré wọlé pé kí ló dé. Mo na ìtẹ́dìí sí i. Àwọn ènìyàn ti gba àmì ẹ̀yẹ nítorí ohun tí kò tó bẹ́ẹ̀.

Mo lọ pe ìyá mi.

"Wọ́n la ọmọ mi níkùn, wọ́n sì rán an," mo wí.

Ohùn rẹ̀ pẹ́ kó tó dé. "Ta ló rán an?"

"Dókítà kan, ọmọ Ìjẹ̀bú."

"Àjòjì."

"Ìyá mi, níbí, èmi ni àjòjì."

Ohùn rẹ̀ tún pẹ́ kó tó dé. N kò mọ̀ bóyá Pàríìsì ló dá a dúró àbí òun fúnra rẹ̀. "Ṣé ó rán an dáadáa?"

"Ó rán an dáadáa."

"Tóò," ó wí, mo sì gbọ́ bí imú rẹ̀ ṣe fà. "Sọ fún un pé mo kí i."

Ràṣídì dé láti Kàdúná nígbà tí a ti ń múra àtilọ sílé. Ó wo ikùn ọmọ, ó jókòó, ó sunkún. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo sọ ohun tí ìyá rẹ̀ ṣe níwájú akọ̀wé, ó ní, "Ṣé o mọ bí àwọn àgbà ṣe rí." Mo mọ̀. Mo mọ bí àwọn ọmọ àgbà náà ṣe rí.

Nílé, ìyá Ràṣídì ti dúró dè wá ní ẹnu ọ̀nà. Ó ń sọ fún gbogbo ará ilé pé àdúrà òun ló gbà. Wọ́n ń ṣe àmín lọ́tùn-ún lósì. Mo tú aṣọ ọmọ lójú gbogbo wọn.

"Ìyá, ibi tí àdúrà yín gbà wọlé nìyí."

Obìnrin àgbàlagbà náà wo ojú ọgbẹ́ náà láti òkè ikùn dé ìdodo. Ó na ìka rẹ̀, kò fi kàn án. "Ṣé ó dùn ún?" ó bi mí, ohùn rẹ̀ kéré bí ti ọmọdé. Ọ̀rọ̀ kíkan tí mo ti pọ́n sílẹ̀ dè é láti ọjọ́ náà, mo wá a, n kò rí i mọ́. Mo gbé ọmọ lé e lọ́wọ́.

Ilé iṣẹ́ bisikíìtì dá mi dúró. Ọ̀rọ̀ ti ta sí wọn létí, wọ́n ní àwọn kò gba àjòjì. Kó tó pé ọdún kan, wọ́n ti ilé iṣẹ́ náà pa, gbogbo àwọn onílé bá mi nígboro. Sáàpù kò béèrè ìlú ẹnikẹ́ni. Dókítà Ṣẹ́gun ló bá mi sọ ọ́ tí wọ́n fi gbà mí sí ilé ìfọṣọ ní ilé ìwòsàn, kí n máa fọ aṣọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Mo gbé Ìbíyẹmí lọ sí Kétu lẹ́ẹ̀kan. Àwọn ọmọ ìyá mi ń pè mí ní "Nàìjíríà", wọ́n ń wo bàtà mi, wọ́n ní mo ti ń sọ̀rọ̀ bí ará Èkó. Mo rẹ́rìn-ín títí inú fi ń run mí.

Ìbíyẹmí ti pé ọmọ ọdún mẹ́rin nígbà tí Dókítà Ṣẹ́gun wá bá mi nídìí aṣọ tí mo ń lọ̀. Owó oṣù rẹ̀ kò ra bàtà mọ́. Àwọn ará Saudi ti gbà á. Àwọn dókítà ń lọ nígbà náà bí omi tó ń jò nínú apẹ̀rẹ̀, àwọn ológun sì ń sọ lórí rédíò pé ojúkòkòrò ló ń ṣe wọ́n.

"Ẹ̀yin ti gbé ìdálẹ̀ pẹ́," ó wí. Ojú ń tì í díẹ̀. "Kí ni kí n mọ̀ kí n tó lọ?"

Mo gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ìkà wá sí mi lẹ́nu. N kò sọ wọ́n.

"Ẹ sọ ibi tẹ́ ẹ ti wá lọ́jọ́ àkọ́kọ́," mo wí. "Bẹ́ ò bá sọ ọ́, ẹlòmíràn ló máa bá yín sọ ọ́, ọjọ́ burúkú ló sì máa mú."

Ó mi orí, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó lọ.

Oṣù kejì tó lọ, obìnrin kan sáré wọ ọgbà ilé ìwòsàn, ọmọ jòjòló kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú aṣọ àdìrẹ. Èmi ló kọ́kọ́ bá pàdé. Ó ká aṣọ náà. Ikùn ọmọ wú, ó ń dán.

"Wọ́n ní dókítà kan wà níbí tó ń la ọmọ kékeré," ó wí. "Ó dà?"

Èmi àjòjì ni mo wá dúró láti sọ fún un pé onílé ti lọ sí ìdálẹ̀. Mo wo wọ́ọ̀dù; mo mọ̀ pé kò sí ẹni tó lè ṣe é níbẹ̀ mọ́. Mo sì mọ ilé ìwòsàn mìíràn, mo mọ ọ̀nà tó yá jù, mo mọ ẹnu ọ̀nà tí kò ní akọ̀wé. Mo bọ́ aṣọ iṣẹ́ mi, mo gba ọmọ náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbé orí rẹ̀ sókè kó lè mí.

"Ẹ tẹ̀ lé mi."

Ó ń sáré lẹ́yìn mi, ó ń mí hẹlẹ. Ohùn mi ló gbọ́, ó yà á lẹ́nu. "Ìyá, ará ibo ni yín?"

"Kétu," mo wí. "Ẹ yára."